Ẹ Jẹ́ Kí Arúgbó àti Ọmọdé Rọ́nà Gbà ní Pápá Àjàó

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ẹ́ jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgúnmu, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ títì ni, àti ibi tá à ń páàkì mọ́tò sí. Ẹ má tíì sọ pé kí ló kan ojú ìwé ìlera nínú ọ̀rọ̀ títì. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín ni, ọ̀rọ̀ àyà yín ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi Pápá Àjàó, ní Múṣin, ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìyá àgbà kan tó ti lé ní 70 ọdún fẹ́ẹ́ lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dé etí títì báyìí, mọ́tò kan ti wà lórí pẹpẹ gọ́tà tó yẹ kí wọ́n gbà. Lẹ́yìn mọ́tò yẹn, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tò sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, táyà ni. Kí ni ìyá máa ṣe? Àfi kó bọ́ sójú títì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù á fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lápá kọjá. Oòrùn ń pani, kò sí igi kan tí wọ́n lè yà sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n mí. Kí ìyá tó padà délé, àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò jáde mọ́, kí wọ́n máa rán ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ará orí àga. Bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣe ń kú nìyẹn láìjẹ́ pé àrùn kankan kọ́kọ́ ṣe é.

Orúkọ àdúgbò kì í parọ́

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀, ẹ óò rò pé inú ọgbà lẹ fẹ́ẹ́ wọ̀. Pápá ni wọ́n pe Pápá Àjàó. Gbogbo wa la mọ ohun tí pápá jẹ́. Àwọn àgbà tún máa ń sọ ọ́ pé ara igi iṣin ni wọ́n ti rí orúkọ Múṣin fà yọ. Ẹ tún wo Palm Avenue tó wà nítòsí, òpópónà igi ọ̀pẹ lorúkọ yẹn túmọ̀ sí. Pápá, iṣin, ọ̀pẹ! Orúkọ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kẹ́ ẹ fi ìka tọ́ka sí igi márùn-ún tó wà létí títì, ẹ máa wá a tì.

Mọ́tò ló gbapò igi. Ta ni kò mọ Ládìpọ̀? Pápá Àjàó ni ọjà ńlá yẹn wà, níbi tí wọ́n ti ń ta oríṣiríṣi páàtì mọ́tò. Láti ìlú gbogbo làwọn èèyàn ti ń wá síbẹ̀ wá ra ẹ́ńjìnnì, gíáàsì, iná iwájú àti bọ́ńpà. Ẹni tó bá wá ra páàtì, mọ́tò ló máa gbé wá, ó sì fẹ́ páàkì. Ẹlòmíràn á ní kí mẹkáníìkì kúkú bá òun dè é mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, létí títì níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́jà yìí jẹ́ èèyàn burúkú o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó pín àyè fún gbogbo wa. Nígbà tí kò sì ti sí ètò, ẹni tó ní irin ló gba àyè, ẹni tó ní ẹsẹ̀ nìkan ló ń sá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ibi tí mọ́tò kékeré kan máa ń gbà tí wọ́n bá páàkì ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 5 ní gígùn àti mítà 2 ààbọ̀ ní fífẹ̀. Àyè yẹn tó yàrá kan nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé Múṣin ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Mọ́tò mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ti gba yàrá mẹ́jọ létí títì, wọn kì í sì í san owó ilé. Bẹ́ẹ̀, mítà kan ààbọ̀ péré ní fífẹ̀ ni èèyàn méjì nílò láti fi kọjá lára wọn láìfarakanra.

Ohun tó ń bá wa fà nínú ara

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìmárale tí kò le jù fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti pé. Àwọn tó ti lé ní ọdún 65 náà wà nínú rẹ̀. Ìrìn yìí ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà, ó ń bá ìtọ̀ ṣúgà jà, ó ń dín ewu àrùn rọpárọsẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí eegun àti iṣan lágbára kéèyàn má máa ṣubú. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ti àwọn ọmọ, láti ọdún 5 sí 17, wákàtí kan lójúmọ́ ni àjọ náà ní kí wọ́n máa fi sáré, kí wọ́n fò, kí wọ́n ṣeré. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni ìyá yẹn ti máa rin 30 ìṣẹ́jú? Níbo lọmọ yẹn ti máa sáré?

Èkejì ni èéfín. Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí kan lórí afẹ́fẹ́ Èkó, wọ́n sì fojú bù ú pé ní ọdún 2018 nìkan, nǹkan bí 11,200 èèyàn ló kú láìtọ́jọ́ nítorí afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Nínú èèyàn 100 tó kú bẹ́ẹ̀, bí 60 ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5. Mọ́tò, jẹnẹrétọ̀, iléeṣẹ́ àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun ló ń fa èéfín náà. Ọmọ kúrú, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ẹnu sáléńsà mọ́tò ju tiwa lọ, ó sì ń mí léraléra ju àgbà lọ.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Títì ọlọ́dà àti páànù máa ń gba ooru oòrùn sára látàárọ̀, wọn á wá máa tú u jáde títí dalẹ́. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣíji bo ilẹ̀, omi tó sì ń ti ara ewé rẹ̀ gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ń mú kí ibẹ̀ tutù. Bí ara bá ti dàgbà, kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kì í sì í lè tu ara rẹ̀ lára bíi ti ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ooru fi lè da àgbàlagbà wólẹ̀ níbi tí ọ̀dọ́ ti ń rìn fàlàlà.

Òṣòdì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́

Ẹnì kan lè sọ pé, "Èkó mà nìyí, kò ṣeé ṣe." Ẹ jẹ́ ká bojú wo Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Pápá Àjàó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó máa rántí bí Òṣòdì ṣe rí nígbà kan. Ọjà ti kún ojú títì dé ojú irin, mọ́tò kì í rọ́nà kọjá, olè sì ń já báàgì lọ́sàn-án gangan. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n gbin koríko, wọ́n gbin òdòdó, ẹlẹ́sẹ̀ sì rọ́nà gbà. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ní 2008, ni ìjọba kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò igi gbígbìn, tí wọ́n sì ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún un.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ní Òṣòdì ló sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn láìmọ ibi tí wọ́n máa ti rí oúnjẹ ọ̀la. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2016, wọ́n tún wó ọjà Òwónifáàrí, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pàkòdowó ní Bọ́láde. Orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà yẹn ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ibùdókọ̀ náà dára, àmọ́ ẹni tó pàdánù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ tó bá ń sunkún. Àwọn kan tún padà wá tẹ́ ìsọ̀ wọn sílẹ̀ létí ọ̀nà, nítorí ebi kì í gbọ́ òfin.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀nà ṣí kó má sì tún dí mọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹni tó wà níbẹ̀ máa lọ. Ọ̀ràn Ládìpọ̀ gan-an náà tọ́ka sí i. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìdọ̀tí, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí i. Ọjà títì pa lè mú kí wọ́n gbá ilẹ̀ lónìí, àmọ́ kò lè dá àyè ìpáàkì sílẹ̀, kò sì lè gbin igi.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é

Ní Kìgálì, olú ìlú Rùwáńdà, wọ́n ti títì kan láàárín ìlú pa fún mọ́tò ní ọdún 2015. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù bínú, wọ́n ní oníbàárà ò wá mọ́. Kò yà mí lẹ́nu, torí títì gbalasa tí kò sí ìjókòó, tí kò sí igi, ta ló fẹ́ẹ́ wá ṣeré níbẹ̀? Wọ́n padà tún un ṣe, wọ́n gbin igi, wọ́n ṣe àga sí i, wọ́n ṣe ibi ìṣeré fún ọmọdé, wọ́n sì ṣí i lákọ̀tun ní 2022. Bákan náà, láti 2016 ni wọ́n ti ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan tí mọ́tò kì í gba àwọn títì kan láàárọ̀. Tọmọdé tàgbà á jáde wá rìn, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, àwọn oníṣègùn á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ọdún 1962 ni wọ́n ti títì Strøget, tó gùn ju kìlómítà kan lọ, pa fún mọ́tò. Ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ náà pé ọjà àwọn kú. Títí dòní ni èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ rajà. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ló ń rí ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, ẹ̀yìn mọ́tò iwájú ló ń wò.

Èkó náà ti fi ọwọ́ sí i lórí ìwé. Ní 2018, ìpínlẹ̀ náà ṣe ìlànà kan fún ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Oyíngbò dé Àgbàdo, tó ń dúró ní Múṣin. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi délé. Ìwé ti wà, ọkọ̀ ojú irin ti dé. Ó ku ọ̀nà láti ẹnu géètì yín dé ibẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ní àdúgbò yín

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìjọba máa tún gbogbo ìlú ṣe. Òpópónà kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé CDA àdúgbò yín. Ẹ pe àwọn olórí ọjà àti àwọn mẹkáníìkì sí i. Ẹ má ṣe ìpàdé nípa wọn lẹ́yìn wọn. Ẹ jọ gbé okùn ìwọ̀n jáde, kẹ́ ẹ ka iye mọ́tò tó ń páàkì àti iye èèyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí kan láàárọ̀. Ẹni tó bá rí i pé èèyàn pọ̀ ju mọ́tò lọ fíìfíì, á ṣòro fún un láti jiyàn.

Èkejì, ẹ fẹnu kò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mọ́tò á máa páàkì sí. Kí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kéré tán mítà kan ààbọ̀, jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ bo gọ́tà ibẹ̀ dáadáa kí ẹsẹ̀ má baà já sí i, kẹ́ ẹ sì ri òpó kúkúrú mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ọ̀dà funfun nìkan kò lè dá awakọ̀ Èkó dúró.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ibòmíràn fún àwọn mọ́tò tó kù. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kì í kún láàárín ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo kan lè wà tí onílẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ kí owó díẹ̀ máa wọlé. Kí àwọn ọmọ àdúgbò máa ṣọ́ ibẹ̀, kí wọ́n máa já ìwé fún awakọ̀, kí wọ́n sì máa fi nínú owó rẹ̀ bu omi rin igi. Kí wọ́n fi mẹkáníìkì sí apá kan ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa da ọ́ìlì dúdú sínú dúrọ́ọ̀mù dípò gọ́tà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bẹ kánsù fún bọ́ǹpù nítòsí ilé ìwé. Eré mọ́tò ló ń pani. Bí mọ́tò tó ń sá 65 kìlómítà ní wákàtí kan bá gbá ẹlẹ́sẹ̀, ewu pé onítọ̀hún máa kú fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ju ti mọ́tò tó ń sá 50 lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ kánsù àti ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ ti òpópónà kékeré kan fún wákàtí mẹ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn àgbà ta ayò. Ẹ pe nọ́ọ̀sì àdúgbò wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ti Kìgálì.

Igi wo la máa gbìn?

Kì í ṣe gbogbo igi ló bá etí títì mu. Ọdán ni igi ojúde ọba láyé àtijọ́, abẹ́ rẹ̀ tutù, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fọ́ gọ́tà àti fẹ́ǹsì. Ọgbà ilé ìwé tàbí pápá ìṣeré ló yẹ ẹ́. Dongoyaro kò bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀. Igi furúùtù ń ṣíji dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àyè. Abẹ́ wáyà iná, igi kúkúrú àti òdòdó nìkan ni kẹ́ ẹ gbìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ gbin iṣin nítorí orúkọ ìlú, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ: iṣin tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi májèlé ni, ó lè pa ọmọdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kẹ́ ẹ gbìn ín. Ẹ má da kọnkéré tàbí ìntálọ́ọ̀kì dé ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ṣí sílẹ̀ á máa fa omi òjò mu, àgbàrá á sì dín kù. Kẹ́ ẹ pín igi fún ilé, ilé kan igi kan, torí igi gbogbo èèyàn ni kì í rómi mu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Táyà àlòkù pọ̀ ní Ládìpọ̀, ẹ lè fi dáàbò bo igi kékeré. Àmọ́ ẹ dá ihò sí i kẹ́ ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ kún un, torí táyà tó bá gba omi dúró, ilé ẹ̀fọn ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti da ọ́ìlì dúdú tàbí omi bátìrì sí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa fi iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣeré. Òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní 2010, òjé tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tó tó 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Inú àpò tàbí bùkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí ni kẹ́ ẹ gbin ẹ̀fọ́ yín sí.

Kí igi tó dàgbà

Igi kì í dàgbà lóru ọjọ́ kan. Ní báyìí ná, ẹ̀yin àgbà, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni kẹ́ ẹ rìn. Ẹ mu omi kẹ́ ẹ tó jáde, kódà bí òùngbẹ ò bá gbẹ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀, ẹ bi dókítà yín léèrè bí omi tó yẹ kẹ́ ẹ mu lásìkò ooru ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá ń gba etí títì, kẹ́ ẹ lè rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ tó jìnnà sí mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi di ọmọ mú.

Àwọn àgbà ló pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ló kún Pápá Àjàó báyìí, àgbà sì wà níbẹ̀. Tó bá di ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, ẹ gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín mú yín lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá, ẹ ní kí gbogbo ìpàdé bá yín rìn láti ibẹ̀ dé ìkángun òpópónà kẹ́ ẹ sì padà. Ẹni tó bá bá yín rin ìrìn yẹn, ẹ ò ní í ṣàlàyé púpọ̀ fún un mọ́.